Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kó ẹbí lọ sí òkè Eryri ní Wales nígbà ọlidé gígùn

Bí oṣù keje bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti gba ọlidé ní Ìlú Ọba, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà nínú ilé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀: ibo la fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló tún máa ń ní àlejò lásìkò yẹn, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo wá kí àwọn ọmọ ọmọ. Kò ṣeé ṣe kí gbogbo ilé jókòó sí Peckham tàbí Manchester kí wọ́n máa wojú ara wọn títí di oṣù kẹsàn-án.

Ibi tí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí ni Eryri, ilẹ̀ olókè tó wà ní àríwá Wales, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Snowdonia. Inú rẹ̀ ni Yr Wyddfa wà, tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń jẹ́ Snowdon. Òkè náà ga ní mítà 1,085, kò sì sí òkè tó ga tó o ní Wales tàbí ní England. Ibẹ̀ rẹwà, kò jìnnà jù, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ láti wọlé. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń jí lọ́jọ́ Sátidé, kó wọ sílípáàsì, kó sì gbéra. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń gbé àwọn tó fara pa, àwọn tó ṣìnà, àti àwọn tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan kò padà sílé mọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, inú pálọ̀ ni ẹ ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ìrìn yín yọrí sí ayọ̀, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan òkúta rárá.

Bí ẹ bá wà nílé ní Nàìjíríà, tí ọmọ yín ní kí ẹ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Físà àbẹ̀wò UK tí ẹ bá fi wọ London náà ni ẹ máa fi dé Wales. Kò sí bọ́dà láàárín wọn.

Irú ibo ni Eryri?

Lọ́dún 1951 ni wọ́n ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà orílẹ̀-èdè, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Wales. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,130 níbùú lóròó. Ẹ má rò pé wọ́n fi wáyà yí i ká bí ọgbà ẹranko, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń sin àgùntàn, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń sọ èdè Welsh láàárín ara wọn. Owó tí ẹ máa ná ni ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, oúnjẹ àti ibi tí ẹ máa sùn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí lè da yín láàmú nígbà tí ẹ bá ń wá ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ọgbà náà pinnu pé Eryri àti Yr Wyddfa ni àwọn á máa lò báyìí dípò orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, méjèèjì ni ẹ máa rí. Bí ẹ bá pè é ní "Ẹ-rọ́-rì" àti "Ọ Wídfà," ẹ ò tíì pè é bí onílé, ṣùgbọ́n wọ́n máa mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé abẹ́ òkúta orí òkè náà ni wọ́n sin òmìrán kan tó ń jẹ́ Rhita Gawr sí, ibojì sì ni orúkọ òkè náà ń tọ́ka sí. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ kí ẹ tó gbéra. Ọmọ ọdún méje tó mọ̀ pé orí sàréè òmìrán lòun ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yá ju ti ọmọ tí wọ́n ní kó wá wo òkè.

Nǹkan kan nípa ọkọ̀ wíwà: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, máìlì 20 ní wákàtí kan ni ìwọ̀n eré ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tó gba àárín ilé kọjá ní Wales, níbi tó jẹ́ 30 ní England. Ẹni tó bá ti London bọ̀ lè má fiyè sí i títí lẹ́tà fi máa dé sílé. Bí ẹ bá sì rí ARAF tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sójú títì, "rọra" ló ń sọ fún yín.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Ọlidé gígùn ni gbogbo ayé ń lọ, ẹ máa bá èrò níbẹ̀. Bí ẹ bá lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, ó sàn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Ẹ sá fún ọjọ́ Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ, tí gbogbo England àti Wales máa ń gba ọlidé. Àwọn tí ọmọ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé ló rí já jẹ jù: kí wọ́n lọ nínú oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú tí èrò sì dín. Nínú oṣù keje, ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń wà lójú ọ̀run ní aago 9 alẹ́. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn á ti máa wọ̀ ní nǹkan bí aago 8.

Ìgbà ooru tí wọ́n ń sọ yìí, ẹ má fi wé ẹ̀ẹ̀rùn tiwa o. Eryri wà lára àwọn ibi tí òjò ń rọ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ Britain, kò sì yọ oṣù keje sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀, ó ń dín ní nǹkan bíi dígírì kan fún mítà 150 kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ dígírì 18 ní ìlú Llanberis tó wà nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ 12 péré lókè, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ìkúùkuu sì lè bo òkè náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó wà níwájú yín.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe lọ fún ọjọ́ kan. Láti London dé Llanberis tó nǹkan bíi máìlì 250, wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ bí ọ̀nà bá dá, àlọ nìkan nìyẹn. Àwọn tó ń ti Manchester bọ̀ lè dé láàárín wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ ti máa bọ̀, ẹ sùn níbẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo máa gun òkè náà nínú òjò, torí pé ó ti náwó. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta máa mú èyí tí ojú ọjọ́ bá dáa jù nínú wọn, á sì fi ìyókù ṣe nǹkan míì.

Ẹ wo ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣe àṣìṣe. Bàbá ilé á ti wo fídíò, á ní òun fẹ́ gun òkè, gbogbo ilé á sì tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó jẹ́ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé nǹkan jù nínú yín ni ẹ máa fi wọn ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin ọdún 12, ọmọbìnrin ọdún 7, àti màmá àgbà ẹni ọdún 68 tó wá láti Ìbàdàn, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Kí ni wọ́n lè ṣe?

Ọ̀nà ńlá mẹ́fà ló lọ sórí Yr Wyddfa. Èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ó rọrùn jù ni Llanberis Path, torí pé ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí "ó rọrùn" yẹn túmọ̀ sí o. Máìlì 9 ni ní àlọ àti àbọ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹ sì máa gòkè tó mítà 975. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, tó lé ní 600, mọ bí orúnkún ṣe ń gbọ̀n téèyàn bá dé òkè. Bí a bá fi àtẹ̀gùn ilé wọn ti Llanberis yìí, ó lé ní 5,000. Ọmọ ọdún 12 tó ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lè ṣe é. Ọmọ ọdún méje míì lè ṣe é, òmíràn á jókòó sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, á sì máa ké pé kí wọ́n gbé òun pọ̀n.

Ọ̀nà méjì míì, Pyg Track àti Miners' Track, bẹ̀rẹ̀ láti Pen-y-Pass. Ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ga ní mítà 359, nítorí náà gígun rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Llanberis, àmọ́ òkúta ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, apá òkè rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lórí Pyg Track, tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní Bwlch y Moch, ọ̀nà kan yà sọ́wọ́ ọ̀tún lọ sókè. Ẹ má gba ibẹ̀ o! Crib Goch ló ń lọ, orí òkè tó tín-ín-rín bí etí ọ̀bẹ, tí ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn tó mọ òkè gùn dáadáa ni ibẹ̀ wà fún. Àwọn àlejò máa ń ṣèèṣì yà síbẹ̀ torí pé wọ́n rí ẹlòmíì tó ń lọ níwájú.

Fún ọmọbìnrin ọdún méje wa, apá ìbẹ̀rẹ̀ Miners' Track gan-an ni ilé ayọ̀. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sì pẹ́ tí ẹ fi máa dé adágún omi ńlá kan tó ń jẹ́ Llyn Llydaw, tí orí òkè náà dúró gọngọ lẹ́yìn rẹ̀. Bíi wákàtí kan ni fún ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹ lè jókòó síbẹ̀ jẹun, kí ẹ wo àwókù ilé tí àwọn tó ń wa bàbà ń lò láyé àtijọ́, kí ẹ sì padà. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ ò dé Eryri.

Màmá àgbà ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin wà. Láti ọdún 1896 ló ti ń gbé èèyàn láti Llanberis lọ sókè, ó ní eyín irin nísàlẹ̀ tó fi ń di ọ̀nà mú kó má baà yọ̀. Bíi wákàtí kan ló fi ń gòkè, ó máa ń dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lókè, á sì tún sọ̀kalẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré. Bí ẹ̀yin márààrún bá wọ̀ ọ́, ó máa ju owó epo ọkọ̀ yín láti London lọ. Ẹ tètè sanwó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé nínú oṣù kẹjọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ṣòro láti rí. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ náà lè dúró sí ibùdókọ̀ Clogwyn, níbi tó ti rin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà. Ẹ di kóòtù tó nípọn fún màmá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n máa jókòó sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò mọ gèlè yàtọ̀ sí bébà.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó máa ń dùn ún gbọ́ létí: "Ẹ̀yin ẹ wọ ọkọ̀, àwa á fẹsẹ̀ rìn, ká pàdé lókè." Ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ tó gbé màmá lọ náà ló ń gbé wọn bọ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí àwọn tó ń rìn bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 40 péré, ẹ ò ní bá ara yín níbẹ̀, ẹni tó ń rìn á sì ti máa sáré lórí òkúta torí kó má baà pẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe rìn gòkè pẹ̀lú èrò pé bó bá rẹ̀ yín, ẹ máa wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àyè má sí. Ilé tó wà lórí òkè náà, Hafod Eryri, tí wọ́n ti ń ta tíì àti oúnjẹ, kì í sì í ṣí bí ọkọ̀ kò bá débẹ̀.

Nítorí náà, ìdílé wa yìí lè pín ara wọn sí méjì. Bàbá àti ọmọ ọdún 12 gun òkè láti Llanberis láàárọ̀ kùtù. Ìyá, màmá àgbà àti ọmọ ọdún méje wọ ọkọ̀ ojú irin, tàbí kí wọ́n lọ sí etí adágún Llyn Padarn tó wà nínú ìlú náà. Tí ẹ bá fẹ́ pín ara yín bẹ́ẹ̀, ẹ yanjú nǹkan mẹ́ta tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: fóònù tó kún fún bátìrì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí òjò má baà pa arúgbó àti ọmọdé níta nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí òkè, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí aago tí bàbá máa yí padà, yálà ó ti dé òkè tàbí kò tíì dé.

Aago yíyípadà yẹn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti mú un, nígbà tí ojú ṣì mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbéra ní aago 8 àárọ̀, ẹ lè sọ pé bí a ò bá tíì dé òkè tó bá fi di aago 1, a ń padà. Béèyàn bá ti rí orí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, kì í fẹ́ padà mọ́, á ní ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ṣì wà níwájú, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ló sì máa fi ṣe é, lórí òkúta tó lè ti tutù.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ń ba ọjọ́ àwọn èèyàn jẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ yín sí Pen-y-Pass nígbà ọlidé, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Kò sí ọ̀rọ̀ "a máa tètè dé." Àwọn tó bá kàn gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ títì lè padà dé kí wọ́n má bá a mọ́, torí pé ọlọ́pàá máa ń wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú tiwa, bọ́ọ̀sì ló dáa jù fún ìdílé. Sherpa'r Wyddfa ni wọ́n ń pè é, ó ń yí òkè náà ká, ó ń kó èèyàn láti Llanberis, Nant Peris, Betws-y-Coed, Beddgelert àti Caernarfon. Ẹ lè gbé ọkọ̀ yín sí Nant Peris kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Pen-y-Pass. Àǹfààní rẹ̀ kọjá owó. Àyè ìgbọ́kọ̀sí tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ti dè yín mọ́ ọjọ́ kan, ẹ máa fẹ́ lọ bí òjò tiẹ̀ ń rọ̀. Bọ́ọ̀sì kò dè yín mọ́ nǹkan kan, ẹ lè dúró di alẹ́ kí ẹ tó mú ọjọ́. Kí ẹ ṣáà wo aago tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn máa kúrò ní Pen-y-Pass.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè wọ rélùwéè láti Euston ní London lọ sí Bangor, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta, kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Llanberis tàbí Caernarfon.

Ní ti ibùsùn, ilé YHA wà káàkiri ibẹ̀, ọ̀kan wà ní Pen-y-Pass gan-an, wọ́n sì ní yàrá tí ìdílé lè gbà láìbá àlejò pín in. Ilé ìdáná wà tí ẹ lè ti se oúnjẹ yín fúnra yín, ìyẹn sì ṣe pàtàkì bí màmá kò bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́. Ẹ gba àyè láti bí oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ẹ má kàn pàgọ́ síbi tó bá wù yín, òfin Wales kò gbà á láìjẹ́ pé ẹni tó ni ilẹ̀ yọ̀ǹda.

Aṣọ, oúnjẹ àti fóònù

Jíìnsì kò dáa fún òkè. Tí omi bá mu ún, ó ń wúwo, kì í sì í gbẹ, á máa fa òtútù síni lára. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tó tètè ń gbẹ ló dáa, pẹ̀lú súwẹ́tà àti kóòtù tí òjò kò lè wọ̀, fún ọmọdé àti àgbà, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn nígbà tí ẹ ń jáde. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi bàtà tuntun rìn ládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dọjọ́ náà, kó má baà bó yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fi fìlà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ kan sí i àti tọ́ọ̀ṣì sínú báàgì. Ẹ má lo iná fóònù dípò tọ́ọ̀ṣì, ẹ ń fẹ́ bátìrì yẹn.

Oúnjẹ rọrùn fún àwa. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù dúró nínú ọkọ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Ohun tó yẹ kó gòkè ni èyí tí ẹ lè jẹ lórí ìdúró: mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, ẹ̀pà, ṣínṣín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti fláàsì tíì gbígbóná. Omi tó lítà kan ààbọ̀ fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ọsàn, ẹ kó o padà. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè jẹrà bó ṣe ń ṣe nílé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já níbẹ̀. Máàpù orí fóònù tó ń darí yín láàárín ìgboro lè fi ọ̀nà hàn yín láìsọ pé ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ra máàpù bébà ti Ordnance Survey, OL17 ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nínú yín, ẹ fara mọ́ Llanberis Path tàbí kí ẹ bá àwọn tó mọ ọ̀nà rìn. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn obìnrin tó ń rò pé àwọn nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó máa wà lórí òkè lè wo Black Girls Hike, ẹgbẹ́ tí Rhiane Fatinikun dá sílẹ̀ lọ́dún 2019. Etí Yorùbá yóò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ yẹn dáadáa.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kí ẹ ní Mountain Rescue ni ẹ ń wá. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè máa wá títì tí áńbúláǹsì máa gbà. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999 látilé, kí ẹ lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí ohùn kò bá ti lọ. Bí fóònù bá kú, ẹ fọn fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un fọn. Àwọn tó máa wá gbé yín ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni, wọn kì í gbowó, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ tàbí orí oúnjẹ dìde wá. Ẹ má tìtorí ojútì pẹ́ kí ẹ tó pè wọ́n.

Ti ilé ìwòsàn yàtọ̀ díẹ̀. Ìtọ́jú ní yàrá pàjáwìrì jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá dá àlejò láti òkè òkun dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n lè fún un ní ìwé owó. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò fún màmá kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, kí ẹ sì sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wọn nínú fọ́ọ̀mù náà. Oògùn wọn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tó wà lára wọn.

Bí òjò bá ní òun ò gbà ńkọ́?

Alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ wo ojú ọjọ́, ti orí òkè o, kì í ṣe ti ìlú. Met Office ní ọ̀kan fún Eryri lọ́tọ̀, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa le tó lókè. Bó bá sọ pé afẹ́fẹ́ máa le tàbí pé ìkúùkuu máa bolẹ̀, ẹ má gòkè. Ibòmíì pọ̀.

Ẹ lè lọ sí Cwm Idwal, àfonífojì kan tí adágún omi wà láàárín rẹ̀. Ìrìn máìlì mẹ́ta péré ló yí i ká, ó sì yẹ ọjọ́ tí òjò bá kàn ń ṣẹ́. Ní gúúsù ọgbà náà, láti Dolgellau dé etíkun Barmouth, ojú irin àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́, Mawddach Trail. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, orúnkún màmá kò ní sọ nǹkan kan. Ilé olódi ọba Edward Kìíní wà ní Harlech àti Caernarfon, àwọn ọmọ á gun òkè ilé ìṣọ́ títí ó máa fi sú wọn. Ní Beddgelert, wọ́n á sọ ìtàn ajá kan fún yín tí ọ̀gá rẹ̀ fìbínú pa, kó tó rí i pé ajá náà ló gba ọmọ òun là lọ́wọ́ ìkookò. Àwọn kan sọ pé onílé ìtura kan ló gbé ìtàn náà débẹ̀ kí òwò rẹ̀ lè tà. Àwọn ọmọ máa sunkún bákan náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn adágún omi yìí. Bí oòrùn bá mú, omi náà á máa pe àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ kì í ṣe ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fò sínú rẹ̀ lójijì, òtútù náà lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè lúwẹ̀ẹ́ rárá, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ létí, kí àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n, tí kò tẹ fóònù.